Èdè Kẹrin Inú Ìwé Gàfárù

Lọ́dún 1978, iṣẹ́ tí Gàfárù Sàlámì ń ṣe ní yunifásítì ti sú gbogbo ará ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Kí ni ti ọmọ Ìbàdàn nínú èdè àwọn ará Pápúà, lọ́nà Ọsirélíà lọ́hùn-ún? Òun náà kò débẹ̀ rí. Ìwé gbígbó kan tí òyìnbó kan kọ ọ̀rọ̀ sí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: èdè mẹ́rin, ọgọ́ta ọ̀rọ̀ péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ fi hàn pé ọmọ ìyá ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta gbà fún un. Ìkẹrin, tí wọ́n ń pè ní Móráì, ya olórí kunkun. Omi, iná, òkúta, àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jọ ti àwọn yòókù gan-an ni kò jọ wọ́n. Dókítà Louisa tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kò fi bò fún un: tí kò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ Móráì títí ọjọ́ Ẹtì, kó gbàgbé oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún márùn-ún á wọgbó. Ẹ̀rù ba Gàfárù gidi.

Lọ́jọ́rú, mẹ́séńjà yunifásítì gun kẹ̀kẹ́ mú lẹ́tà wá. Gàfárù ń gbọ́ ọ láti yàrá. Ìyá Sìdí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wà níta tó ń sá aṣọ. Mẹ́séńjà bèèrè Gàfárù. Ìyá Sìdí ní Akọ̀wé wà nílé. Ọkùnrin náà ní òun ò bèèrè akọ̀wé kankan, Gàfárù lòun ń wá. Ìyá Sìdí tún ní Akọ̀wé ló wà ńlẹ̀ o. Ẹ ò rí nǹkan! Ni mẹ́séńjà bá kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà pé wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí, ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Eré burúkú ni Gàfárù sá kó tó lé e bá. Tìbínú-tìbínú ló fi padà wálé.

"Ìyá Sìdí, ṣé o ò mọ orúkọ mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ mi lẹ jẹ́. Wọn ò ní í gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu mi."

Gàfárù ju lẹ́tà sílẹ̀. Ó sáré wọ yàrá lọ ṣí ìwé òyìnbó. Ó wà lókè ojú ewé Móráì gbangba: obìnrin ni wọ́n gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, nílé ọkọ rẹ̀. Òyìnbó náà tiẹ̀ kọ ọ́ pé wọn a máa fi omi, iná àti òkúta sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀. Bí àbúrò ọkọ ẹni bá wá ń jẹ́ Omi, kí ni aya ilé ó pe omi? Á wá nǹkan mìíràn pè é ni.

Ẹ̀rí dà? Ẹ̀yìn ìwé náà ló wà. Bàbá arúgbó kan, ọmọ bíbí ilẹ̀ Móráì, ló sọ ìtàn kúkurú kan, òyìnbó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí i. Gàfárù kò kà á kún rí, nítorí ìtàn ni. Omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, òkúta náà wà, gbogbo wọn ló sì jọ ti àwọn mẹ́ta yòókù. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mí kanlẹ̀. Ara tù ú débi pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà Louisa ka àlàyé tí Gàfárù kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ó ti yanjú. Ó wá ní kí Gàfárù kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ àna yìí síwájú ìwé. Gàfárù mú bírò, ó dúró. Ìyá Sìdí ni gbogbo ilé ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọjọ́ yìgì ló gbọ́ ọ kẹ́yìn, ó sì ti gbàgbé.

Ó délé, ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ti obìnrin náà díẹ̀.

"Kúlúsúmù," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."