Iyán Tí Habibullah Kọ̀

Odidi oṣù méjì ni Habibullah, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe ní Bassila, kò fi ẹnu kan iṣu. Ọmọ ilẹ̀ iṣu ni o! Àyà ló fà á. Ó fẹ́ kí àyà òun le, kí iṣan apá òun sì yọ bíi ti Aboubakar, ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irin gbígbé. Aboubakar ní kó dín iṣu, ìrẹsì àti gàrí kù, kó fi ẹyin, ẹja àti wàgàsì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní, kún oúnjẹ rẹ̀. Habibullah kò dín iṣu kù, ńṣe ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ó tún gbọ́ níbì kan pé epo ń mú ikùn yọ, ló bá lé epo náà kúrò nílé. Funfun ẹyin nìkan ló ń jẹ, ó ń da pupa rẹ̀ fún adìẹ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó lọ sí Manigri láti kọ ebè fún Bàbá Issa, bàbá Moutiatou tó fẹ́ fi ṣaya. Moutiatou ti là á yé e lórí fóònù.

"Bàbá mi kì í fẹnu sọ pé àwọn gbà. Tí wọ́n bá ti bá ẹ tọwọ́ bọ abọ́ kan náà, ó parí nìyẹn. Tí wọn ò bá bá ẹ jẹun, má wulẹ̀ padà wá."

Habibullah fẹ́ràn ọmọbìnrin náà dójú ikú, nítorí náà ló ṣe fi gbogbo ara kọ ebè títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìyá Moutiatou, Kadidjatou, gbé iyán dé, ó ń gbóná fẹlifẹli. Bàbá Issa wo ebè náà, ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó bu omi, ó fọ ọwọ́.

"Ó yá, jẹ́ ká jẹun."

Ohun tí Habibullah ń wá rèé, ẹ̀yin èèyàn! Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò kì í jẹ iyán." Ló bá fa funfun ẹyin mẹ́rin yọ nínú àpò ọ̀rá.

Bàbá Issa rọra nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Iṣu yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi dàgbà," ló sọ. Ó dìde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi kajú.

Àánú Habibullah ṣe mí. Ó gbé ọkọ́, ó ń fi agbára wá ìdáríjì, ṣùgbọ́n agbára wo? Ní ebè kẹta, òòyì kọ́ ọ, ó sì dojú bolẹ̀. Kadidjatou figbe ta, ó sáré bomi sí i lójú. Moutiatou sáré jáde láti inú ilé, ó fi fóònù Habibullah pe Aboubakar, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Habib, dín kù ni mo wí! Ta ló ní kó o lé epo? Ẹyin àti ẹja ló ń mọ iṣan, wọn kì í ṣe igi ìdáná. Tí iṣu bá dín, ọ̀rá ni ara máa jó: epo, ẹ̀pà, pupa ẹyin. Ọjọ́ tó o bá sì di ọkọ́ mú, jẹ iṣu díẹ̀!"

"Áà, ebi ló ń pa ọmọ ọlọ́mọ," Kadidjatou wí, "àwa rò pé ó ń kẹ́gàn wa ni."

Ó bu iyán tó tó ìkúùkù ọwọ́, ó fi wàgàsì, ẹja àti odindi ẹyin sí i, epo léfòó lórí ọbẹ̀. Habibullah jẹ díẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Issa kò yíjú.

Nígbà tí ara Habibullah balẹ̀, ó padà sídìí ọkọ́. Kò yára mọ́. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ ló parí poro tó kù. Bàbá Issa wá, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kan wò. Ebè náà kò ya lulẹ̀.

"Oúnjẹ ṣẹ́kù?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ó ṣẹ́kù díẹ̀."

"Gbé omi wá."

Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Ó ti ẹyin sọ́dọ̀ Habibullah, ó sì bu òkèlè nínú abọ́ kan náà.

"Jẹ ẹ́ tòun ti pupa rẹ̀," ló wí.