Kéèkì Máńgòrò Ilé Opó

"Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Wọ́n ní kí n dá a padà ni."

Nasser kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo ńlá náà mú, ó ń wo ilẹ̀. Aṣọ funfun tí Mounira fi bo kéèkì rẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà lórí àwo náà bó ṣe wà. Wọn ò tilẹ̀ ṣí i wò.

Mounira dìde lórí ẹní, ó fa ìbòrí dúdú rẹ̀ síwájú. "Kí ló ṣe é? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́." Nasser túbọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. "Màmá mi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní oúnjẹ ilé opó kì í wọ ilé ìkómọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣàdúrà fún yín o. Wọ́n ní kí Ọlọ́run forí jin Moucharafou, kó fi alijánnà kẹ́ ẹ."

"Àmín."

"Tó bá ṣe pé tèmi ni..." Ó gbé àwo sílẹ̀ ní ìta ẹnu ọ̀nà, ó kí i pé ó dìgbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Nasser tí òun àti Moucharafou, ọkọ Mounira, jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tó máa ń jókòó sórí ẹní yìí kan náà tí yóò máa jẹ kéèkì títí yóò fi máa lá ìka, òun náà ni kò lè gbẹ́sẹ̀ wọlé mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú.

Kí ẹ lè mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, Mounira kì í ṣe ẹni tó kàn ń din nǹkan tà lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò Anoumabo, títí wọ inú Marcory, ló mọ kéèkì kékeré rẹ̀, èyí tó ń yan sínú bébà róbótó, tí kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé àsìkò ló ń bá rìn. Nígbà ọyẹ́, atalẹ̀ àti ọsàn. Nígbà ààwẹ̀, dàbínù. Bí òjò bá dé, corossol, èso ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ ewé tí inú rẹ̀ funfun bíi wàrà. Ṣùgbọ́n máńgòrò ni ọba gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ máńgòrò bá ti Korhogo lókè àríwá dé, tí àwọn tó gbé ìbọn sójú ọ̀nà látìgbà tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè sí méjì bá ti gba tiwọn lọ́wọ́ awakọ̀ tán, Mounira ni yóò kọ́kọ́ dé ọjà Adjamé Roxy, tí yóò máa fi imú ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. "Máńgòrò tí ìdí rẹ̀ kò bá ta sánsán, má gbé e," ló máa ń wí.

Nísinsìnyí, inú yàrá ló wà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó obìnrin mùsùlùmí, Tàntí Habiba, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sì tún fi tiẹ̀ lé e: àfi tó bá fẹ́ wẹ̀ tàbí tó bá fẹ́ yàgbẹ́, Mounira kò gbọdọ̀ ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Máńgòrò kì í sì í dúró de opó. Láti ìgbà tí oyún ìyàwó Nasser ti wọ oṣù kẹsàn-án ni Àlájà Mariama, ìyá Nasser, ti ní òun yóò gba kéèkì ìkómọ lọ́wọ́ Mounira. Mounira rò pé àdéhùn ni àdéhùn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àbí kí ló fẹ́ máa jẹ?

Dèbórà, onídìrí tó ń gbé yàrá òdìkejì àgbàlá, ló bá a ra máńgòrò náà wá láti Roxy níbi tó ti ń dirun. Kò tíì pé ọdún méjì tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Òun náà ló kọ́kọ́ rí àwo tó wà nílẹ̀.

"Tàntí, wọ́n dá a padà?"

"Wọ́n ní ti ilé opó ni. C'est tout, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé wọ́n ti rí ti ẹlòmíràn rà?"

"Ibo ni wọ́n fẹ́ rí i? Ọ̀la láàárọ̀ nìkómọ."

Dèbórà wo ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Màá kó o sínú àwo tèmi. Wọn ò ṣáà ṣí i, wọn ò mọ bó ṣe rí. Màá ní mo gbọ́ pé wọ́n ń wá kéèkì, pé èmi ni mo ṣe é."

"Mais orí rẹ dàrú! Irọ́ lo fẹ́ pa fún Àlájà?"

"Tàntí, ṣé ká wá dà á nù?"

Mounira wo kéèkì náà. Ó yẹ kó sọ pé rárá, ó sì mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, inú ń bí i. Inú ń bí i sí Àlájà, ó ń bí i sí Nasser tó gbé àwo sí ìta, ó ń bí i sí Moucharafou pàápàá, tó ní orí ń fọ́ òun lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tó dùbúlẹ̀, tí kò dìde mọ́. "Gbé e lọ," ló wí. "Tí wọ́n bá bi ọ́, ìwọ lo ṣe é. O ò gbọdọ̀ dárúkọ mi." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dèbórà fi ijó wọ àgbàlá. "Tàntí! Kò ku ẹyọ kan! Àlájà ní mi ò jẹ́ sọ pé mo mọ irú nǹkan báyìí í ṣe. Obìnrin mẹ́ta ti ní kí n ṣe tiwọn!" Mounira rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òórùn kéèkì kò ṣeé fi pamọ́, nítorí náà wọ́n gbé ààrò gáàsì Mounira sọdá sí yàrá Dèbórà, wọ́n sọ fún Tàntí Habiba pé Dèbórà yá a ni. Mounira yóò jókòó sẹ́yìn kọ́tíìnì ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa sọ bí wọn yóò ṣe po bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, ìgbà tí ẹyin yóò wọlé, bí wọn yóò ṣe rọ ìyẹ̀fun sí i láìpò ó jù. Dèbórà yóò sáré lọ, yóò sáré bọ̀, yóò fi ṣíbí bu díẹ̀ wá, yóò na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tíìnì wọlé. Mounira yóò tọ́ ọ wò, yóò ní, "Iyọ̀ díẹ̀," tàbí, "Máńgòrò yìí kò tíì pọ́n dáadáa, fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i." Nínú gbogbo òkùnkùn opó yẹn, ṣíbí yẹn nìkan ló mú un rántí pé òun ṣì jẹ́ ẹnì kan.

Ó wá di ọjọ́ kan, òórùn kéèkì sọdá àgbàlá wá bá a níbi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n ṣíbí kò dé. Ó dúró títí. Nígbà tí Dèbórà wá kí i lálẹ́, ó bi í léèrè pé kí ló dé.

"Háà, Tàntí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló pọ̀." Dèbórà rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Òótọ́ ló sọ, ọmọ náà kò ní ète kankan nínú. Ìyẹn gan-an ló dun Mounira jù. Tó bá jẹ́ olè ni, ìbá pariwo lé e lórí.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Tàntí Habiba dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan. Ó jókòó, ó tú ìdì kékeré kan lórí itan rẹ̀, ó mú kéèkì méjì jáde.

"Gbà, jẹ ẹ́ wò. Ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lódìkejì yín ni. Ọwọ́ ọmọ náà dùn! N ò purọ́ fún ọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ju tìẹ lọ. Tó o bá jáde, ìwọ náà lọ kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Tàntí." Ó bù ú jẹ. Corossol ni, ó sì dùn, kò sí àléébù kan lára rẹ̀.

Tàntí Habiba mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé ò tíì gbọ́. Ọmọ Nasser ti padà lọ o. Àárọ̀ àná."

Mounira gbé kéèkì náà sílẹ̀. "Ọmọ wo? Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde?"

"Òun náà ni. Ibà ni. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà gbìyànjú, ó ti pẹ́ jù. Mo lọ kí wọn lánàá. Àlájà sunkún títí. Ó wá ní, ọpẹ́ ni pé òun dá kéèkì rẹ padà lọ́jọ́ náà. Ó ní ká ní àwọn gbà á, tí àwọn fi oúnjẹ ilé òkú kó ọmọ jáde, ẹnu wo ni òun ìbá fi bá ayé sọ̀rọ̀? Ìwọ náà, ọpẹ́ ni fún ọ. Ọmọ ènìyàn ìbá ti dì í mọ́ ọ lọ́rùn."

Mounira kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń gba BEPC, ìwé ẹ̀rí girama kékeré, ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ní í fa ibà, ó mọ̀ pé máńgòrò, bọ́tà àti ẹyin kì í pa ọmọ tí kò tilẹ̀ fẹnu kan án. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lédè Faransé, ó sọ ọ́ lédè Yorùbá. Kò wọlé. Ẹ̀rù bà á dé eegun. Ó ń rí àwo náà bí wọ́n ṣe dá a padà, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé gbé e lọ. Ìyá àgbà kan ló sọ pé òun kò fẹ́, Mounira ló fọgbọ́n gbé e wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó sọ fún Dèbórà, ọmọ náà wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tàntí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹ̀dá kankan. Èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ pa."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni Mounira dáhùn.

Ọjọ́ opó pé. Wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, àwọn àlùfáà ṣàdúrà láàárọ̀ nínú àgbàlá. Tàntí Habiba, ẹni rere, ló lọ bẹ Dèbórà pé kó ṣe kéèkì fún àwọn àlejò. Àlájà Mariama jókòó sórí àga onírọ̀rùn, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Irú èyí la jẹ lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ," ló wí. "Máńgòrò ni tọjọ́ náà. Ọwọ́ kan náà ni, ẹnu mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé." Ó di ọwọ́ Mounira mú. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ìgbà wo lo máa padà sẹ́nu gató, kéèkì rẹ yẹn? Èmi ni màá kọ́kọ́ rà á. Màá fi tìẹ sọ́tùn-ún, màá fi ti ọmọ yìí sósì, màá tọ́ méjèèjì wò, kí n wò ó bóyá ìwọ lo kọ́ Dèbórà àbí òun ló kọ́ ọ!"

Gbogbo àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn pé Àlájà tún lè ṣàwàdà. Dèbórà, tó ń pín omi, dúró gbagidi. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Mi ò ṣe gató mọ́, Àlájà," ni Mounira wí.

"Háà! Kí ló dé?"

"Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀."

"Ìbànújẹ́ ni," ni Àlájà wí fún àwọn tó kù, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Á padà. Ẹ fi í sílẹ̀."

Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, Dèbórà pe Daouda, ará ilé wọn tó ń lẹ táyà, wọ́n jọ gbé ààrò náà jáde. Wọ́n ti dé àárín àgbàlá nígbà tí Mounira jáde sí wọn.

"Ẹ gbé e padà."

"Ṣebí yàrá yín là ń gbé e lọ, Tàntí."

"Yàrá Dèbórà ni kẹ́ ẹ gbé e padà sí."

Daouda wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó gbé e padà, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹkún ti gba Dèbórà lójú. "Mi ò fẹ́ gba iṣẹ́ yín mọ́ yín lọ́wọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣe é. Ẹ lè máa po tiyín lọ́nà mìíràn..."

"Ọ̀nà wo? Ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọ nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Ohunkóhun tí mo bá ṣe, Àlájà á fi ẹnu mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n, á ní èmi ni mo pa ọmọ-ọmọ òun." Ó fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Èmi náà ò sì lè búra pé èmi kọ́."

"Tàntí, ibà ni!"

"Mo mọ̀ pé ibà ni."

Ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ lójú pópó. Mounira nu ojú nù.

"Gbọ́. Corossol ò ní pẹ́ tán. Bí ọyẹ́ bá dé, atalẹ̀ àti ọsàn ni. Atalẹ̀ tútù ni o, má ra gbígbẹ. Èèpo ọsàn ni kó o rin sí i, má fi omi rẹ̀ sí i, á jẹ́ kó wúwo. Àwọn ènìyàn á ti máa béèrè kí oṣù Kejìlá tó wọlé."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ máa tà?"

"Ọṣẹ," ni Mounira wí. "Màá lọ wò ó ní Roxy nísinsìnyí. Ọṣẹ ò wọ ẹnu ẹnikẹ́ni."

Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó sì gba ẹnu géètì lọ.