Ẹ Jókòó Sínú Ọkọ̀ Yín Ná

Inú tó ń bí Aránjókòó kì í ṣe irú èyí tó ń fi ariwo jáde. Ìjókòó ọkọ̀ ni obìnrin yìí ń rán jẹun. Tí o bá gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sáré kíkankíkan lórí awọ láàárọ̀, kí o yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló ń rò. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Òun ló ń ta àlòkù ọkọ̀ ní òdìkejì ẹnubodè.

Ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ Aránjókòó ti ra ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi máa kó èrò. Gáréèjì ni wọ́n ti gbé e fún un, Ẹlẹ́rìn-ín ò dé ilé wọn rí. Ọkọ̀ náà ń dán, inú rẹ̀ ń ta sánsán. Àṣé ọkọ̀ méjì ni wọ́n gé, tí wọ́n jó pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà bo àṣírí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi já sí méjì lórí gẹ̀rẹ́: iwájú lọ, ẹ̀yìn dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ilé bá a lọ. Nígbà tí ọkọ pe Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjà tó bá ti kọjá ẹnubodè ti kúrò lọ́wọ́ òun, kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà.

Ọkọ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ó kúkú ti dín iṣẹ́ òun kù, bàtà kan péré lòun yóò máa nù báyìí. Ìyàwó kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Ẹ̀yin ti dárí jì í, ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tèmi ṣì wà ńlẹ̀."

Ẹnu àwọn oníbàárà tó ń gbé ọkọ̀ wá fún un ló ti gbọ́ bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ń ṣòwò. Yóò gba ìdajì owó lọ́hùn-ún. Àbúrò rẹ̀ yóò wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á, òun fúnra rẹ̀ yóò sì wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀lé e láti wá gba ìdajì tó kù, torí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí owó. Kò sẹ́ni tó rí i rí kó jókòó sínú ọkọ̀ tó tà. Ó ní ọ̀rá tó wà lórí ìjókòó lòun ò fẹ́ bà jẹ́, olówó ọkọ̀ ló yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ya á. Wọ́n ní ọmọlúàbí ni. Aránjókòó gbọ́ èyí, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ la fi ń pa àmúkùrù tó bá bà léni lẹ́pọ̀n. Ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kó àjọ rẹ̀, ó sì fi ìdajì owó ránṣẹ́ fún ọkọ̀ pupa kan. Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rù bà á o, ká má purọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yíwọ́, ẹ̀rọ ti lọ, owó ti lọ, ọkùnrin yẹn á sì tún fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, àwọn aládùúgbò wá bá a yọ̀. Méjì nínú wọn náà ti san ìdajì tiwọn fún Ẹlẹ́rìn-ín. Orí òkè ni ilé náà wà, ọ̀nà iwájú rẹ̀ sì da gẹ̀rẹ́ lọ sí ìdí afárá. Aránjókòó gbé tábìlì síta, ó kó owó tó kù sórí rẹ̀, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. "Ìyá wa, ẹ kú oríire ọkọ̀! Ẹ wá ya ọ̀rá yín."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jókòó sínú ẹ̀ ná."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ wà á dé ìsàlẹ̀, ẹ sáré dáadáa, kí ẹ wá tẹ bíréèkì nídìí afárá. Tí ẹ bá padà dé, owó yín rèé, ẹ má tiẹ̀ kà á."

Ó ní ọ̀rá á bà jẹ́. Aránjókòó nawọ́ sínú ọkọ̀, ó fa ọ̀rá ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. "Ó ti tán. Ó tún ku kí ni?" Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọkọ Aránjókòó fi ọ̀pá méjì tẹlẹ̀ jáde. "Oníbàárà yín àtijọ́ rèé," ni ọkọ wí. Ẹlẹ́rìn-ín wo ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, eyín rẹ̀ wọlé.

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó wa ọkọ̀ náà wá. "Wọlé, wà á lọ wà á bọ̀, ká gbowó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ wọlé."

"Mo ní kó o wọlé!"

"Mo gbọ́. Ṣé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ yẹn ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo gẹ̀rẹ́ náà títí dé ìdí afárá.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọkọ̀ yín kọjá ẹnubodè," ni àbúrò wí, "ẹ máa ń pè mí pé, 'Ọkọ̀ ti dé?' Ẹ ò bi mí rí pé ṣé èmi dé." Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ Aránjókòó. "Èmi ni mo gbé tiyín wá. Mi ò mọ̀, sà."

Inú Aránjókòó dùn, ó dùn wọ egungun. Ìtìjú lásán ló rò pé ọkùnrin yẹn máa rí, àṣé àbúrò rẹ̀ náà máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó ti san ìdajì gbá a ní ṣòkòtò mú. Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó ti fi fóònù dá owó tiwọn àti ti Aránjókòó padà.

"Ó wá ku ọkọ̀ yín," ni Aránjókòó wí. "Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n wá awakọ̀..."

"Ẹ̀yin lẹ máa wà á."

Ẹlẹ́rìn-ín wo èrò tó yí i ká, ó wọ inú ọkọ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan síta kó lè rọ́nà bẹ́. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sún mọ́ ibi tí gẹ̀rẹ́ náà ti le jù, irin inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ̀rín sì dá lẹ́nu gbogbo wọn. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ́ sílẹ̀!"

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ọkọ wí. "Ìyá àwọn ọmọ, wọlé wá."

Aránjókòó ò yíjú padà.

"Ẹ máa wọlé lọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."