Ìbéèrè Tí Kò Fẹ́ Fò

Nígbà tí Kògbàgbé ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ bàtà kó tó jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, ó ń wo kẹ́tùlù bí ẹni tí kẹ́tùlù ṣẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni, láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti ń rákòrò ló ti ń kó sìmẹ́ńtì kiri. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kògbàgbé, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí, tó bá di àmọ́dún, yóò ṣì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ," ni àkọ́bí náà wí. Nọ́ọ̀sì ni, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé ni, ojú rẹ̀ sì ti wú.

Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló pàṣẹ pé gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin, kí èèyàn mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa fọ ọkọ̀ fún àwọn tó yege. Kògbàgbé sì ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Lóòótọ́, kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rọra tọ lẹ́tà lẹ́yìn, á bá a. Ìbéèrè kan lórí bíréèkì ló pa á. Ìdáhùn méjì ló jọ òótọ́ lójú rẹ̀. Ó dúró tì í, ó ń bá a jà, títí wọ́n fi ní kí gbogbo èèyàn gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fò ó?"

"Kí n fò ó kẹ̀? Ìbéèrè tó ń rí mi fín?"

"Bàbá, ìbéèrè ò mọ̀ yín rí. Ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá bá a bí àyè bá wà. Máàkì tí wọ́n ń fún èyí tó le, òun náà ni wọ́n ń fún èyí tó rọ̀."

"Bí èèyàn bá ń fi nǹkan sílẹ̀ báyẹn, wọ́n á gùn ún lórí."

"Ṣé torí ẹ̀ lẹ ò ṣe kí Onísítọ́ọ̀ títí dòní?"

Kògbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Onísítọ́ọ̀ ni ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì àgbà fẹ̀yìn tì, Kògbàgbé ni wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó dé orí ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó ń yí i po, ni Onísítọ́ọ̀ bá na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó sì kà á parí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Onísítọ́ọ̀ bá ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," táyà ni Kògbàgbé máa ń wò.

"Ẹ fọwọ́ bo ìdáhùn kẹ́ ẹ tó ka ìbéèrè," ọmọ rẹ̀ ń bá a lọ. "Ẹ dá a lóhùn nínú ara yín ná, kẹ́ ẹ tó ṣí i wò. Ẹ kọ́kọ́ fagi lé èyí tó hàn pé irọ́ ni. Èyí tó bá ní 'nígbà gbogbo' tàbí 'láéláé', ẹ fura sí i. Ẹ má sì fi ìkankan sílẹ̀ lófo. Bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà mú ọ̀kan."

"Bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́."

"Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ máa ń jẹ nígbà mìíràn. Òfo ò jẹ rí." Ó gbé orí lé tábìlì, oorun sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, yàrá ìjẹun ni wọ́n kó wọn sí. Onísítọ́ọ̀ ló jókòó níwájú, tí ń ṣọ́ wọn. Kògbàgbé dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó kùn, ó wọlé.

Ó fọwọ́ bo ìdáhùn, ó kà, ó fagi lé irọ́. Bíréèkì tún yọjú, ó wọ aṣọ mìíràn wá. Ó pòṣé, ó fò ó. Ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n fa àga yọ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wá ń yá. Ó dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó wo ìwé ìdáhùn, ó rí i pé ìlà kan ṣì ṣófo nísàlẹ̀.

Ó ti fo ìbéèrè, kò fo ìlà rẹ̀. Ìdáhùn táyà ti jókòó sórí àga bíréèkì, ti epo sì jókòó sórí ti táyà, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Rọ́bà ìdí pẹ́ńsù rẹ̀ ti jẹ tán. Ó fi ìka ra á, ìwé fẹ́ ya, ẹ̀rọ tó máa kà á kì í gba èyí tó ya. Ìwé mìíràn wà, ṣùgbọ́n orí tábìlì Onísítọ́ọ̀ ni.

Ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú garawa ọṣẹ, tí awakọ̀ kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ ń sọ pé, "Bàbá, ẹ bá mi fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn dáadáa." Ó nawọ́ sókè. Onísítọ́ọ̀ ń wo ojú fèrèsé.

"Jọ̀ọ́," ló wí.

Onísítọ́ọ̀ bojú wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń pè.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fún mi ní ìwé mìíràn."

Onísítọ́ọ̀ gbé e wá. Kò wo èyí tó bàjẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó padà sáyè rẹ̀. Kògbàgbé fi ìka tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á kọ. Nígbà tó kan bíréèkì, kò sí àyè ìjà mọ́. Ó fagi lé méjì, ó mú ọ̀kan nínú méjì tó kù, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí oòrùn tó kanrí, ẹ̀rọ ti kà á. Ó yege, agbára káká ló fi kọjá. Ó jókòó lórí táyà lẹ́yìn sítọ́ọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," Onísítọ́ọ̀ wí.

"O ṣé. Má rò pé ó ti tán o. Ìwé tí o já gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi."

"Mi ò já a gbà. Òógùn ló bò yín, mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí." Onísítọ́ọ̀ jókòó tì í, orúnkún rẹ̀ dún. "Ẹ má bínú."

Kògbàgbé wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tò sílẹ̀ dè é láti ọdún wọ̀nyí. Èyí tó rí kò pọ̀. "Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ì bá ti yọ lẹ́nu mi," ó ní. "Mo ti ń bọ̀ lórí ẹ̀."

"Mo mọ̀ báyìí."

"Inú ṣì ń bí mi díẹ̀."

"Ẹ máa bínú yín lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà máa dá mi lóhùn tí mo bá kí yín."

Kògbàgbé fọwọ́ ti ìbàdí, ó dìde, ó kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Màá rò ó," ló wí.