Ife Méjì fún Bàbá Gàníyù

Bàbá Gàníyù kò kọ ife ọmọ rẹ̀ rí. Obìnrin méjì ló fẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ kan fún un kí àwọn méjèèjì tó kú, láti ìgbà náà ni ọkùnrin náà sì ti ń fi ọgbọ́n jẹun nínú ilé ara rẹ̀. Bí ó bá fi òkèlè kan ọbẹ̀ Ìdíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dandan ni kí ó tọ́ oúnjẹ tí Làmídì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, rà wá wò. Gbogbo àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Lomé ló ń yìn ín pé bàbá tí kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn. Wọn kò mọ̀ pé ìyìn náà fẹ́ pa á.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, tí òòyì ń kọ́ ọ bí àwọn àgbà mìíràn, Làmídì tó jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn Faransé gba hóró oògùn tuntun wá lọ́wọ́ dókítà. Ìdíátù tó ń ta aṣọ lọ́jà lọ wú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ nínú igbó Légbassito, ó sè é lágbo, nítorí òun ni ìyá rẹ̀ fi ń tọ́jú arúgbó tí orí ń fọ́. Bàbá gba méjèèjì. Bí hóró bá ṣáájú lónìí, agbo ni yóò ṣáájú lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má baà rojọ́.

Orí náà kọ́kọ́ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara bá a rọlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá kò lè dìde kírun. Ìdíátù fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Imú rẹ̀ tó ti ń dí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti dí pátápátá, ẹnu ló fi ń mí. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e láyà, ọkàn náà ń lù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun ṣíwọ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Làmídì wọlé. “Kí lo fún un mu?”

“Ohun tí mo máa ń fún un náà ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Gbòǹgbò igbó lo fi ń pa bàbá mi.”

Bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìdíátù ju ẹ̀sùn náà lọ. “Bàbá tiyín nìkan? Hóró àwọn Yòvó, àwọn òyìnbó yín, tí ẹ ń kó sí i lẹ́nu ńkọ́?”

Nínú ilé wọn, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìdíátù kò wulẹ̀ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà, ó bu agbo kún ife, ó mu ún tán. “Bó bá jẹ́ májèlé, kí n kú.” Làmídì náà kò gbà, ó da hóró sí àtẹ́lẹwọ́, ó rún un lẹ́nu. Ẹ wá wo àgbà méjì! Bàbá ń kú lọ lórí ẹní, àwọn ọmọ ń fi oògùn rẹ̀ díje.

Wọ́n jókòó sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, oníkálùkù ń retí kí ìkejì ṣubú.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásàrì, ojú Ìdíátù ti wúwo, imú rẹ̀ sì ti dí. Ó rò pé ẹkún tí òun ń gbé mì ni. Ìgbà náà ló gbójú sókè tó rí Làmídì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó wo ẹnu bàbá wọn. Bákan náà ló là sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé imú yín dí?”

“Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?”

“Ó dí àbí kò dí?”

“Ó dí.”

“Tèmi náà dí. Ti bàbá náà dí.” Ó dìde. “Oògùn kan náà ni àwa méjèèjì ń fún un.”

Wọ́n gbé bàbá sórí ọmọlanke. Làmídì ń tì í, Ìdíátù gbá orí arúgbó náà mú, àwọn méjèèjì sì ń tòògbé bí wọ́n ti ń sáré.

Ní ọsibítù, Théophile, nọ́ọ̀sì tó wá láti Atakpamé, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó fi Faransé kí wọn. “Bonsoir, màmá. Kí ló mu?”

Bí Ìdíátù bá sọ̀rọ̀ agbo, òun ni wọn yóò pè ní apààyàn. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó fi gbòǹgbò náà hàn án. Làmídì fi hóró tirẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Dókítà ti sọ fún wa,” ni Théophile wí. “Lára irú igi yìí ni wọ́n ti ń yọ oògùn yìí. Díẹ̀ ń ran àgbà lọ́wọ́. Èyí tí ẹ fún un ti pọ̀ jù.” Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ bàbá sókè bó ti ń sọ ọ́.

Wọn kò fún un ní ọ̀kankan mọ́. Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lajú. Ìdíátù kúnlẹ̀ tì í.

“Bàbá, ẹ ò mọ̀ pé ó ti ń pọ̀ jù?”

“Mo mọ̀. Ara mi ti ń sọ fún mi tipẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ̀kan?”

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ti ta ni kí n kọ̀?”

Làmídì dorí kodò. Ìdíátù sunkún. Ètè arúgbó náà ti gbẹ, ife omi kan sì wà lórí tábìlì. Àwọn méjèèjì nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì dáwọ́ dúró.

“Ẹ fún un, ẹ̀gbọ́n,” ni Ìdíátù wí. “Èmi á gbé orí rẹ̀ sókè.”