Ogún Ojú-Ìwé Tó Kẹ́yìn

"Ìwé yìí dára títí ó fi ku ogún ojú-ìwé," ni Tíṣà wí. "Láti ibẹ̀ lọ, ó dà bíi pé òǹkọ̀wé sùn lọ, tí ẹlòmíràn gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, pátákó pẹlẹbẹ lórí itan rẹ̀, ó ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ ohun gbogbo tó ń jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Ìtàn agbọ́kànsókè ni wọ́n ń dájọ́ fún lọ́jọ́ náà, ìtàn aránṣọ kan tí apààyàn ń lé kiri nínú ilé alájà mẹ́rin tí iná ti kú.

"Ẹni tó ti pa èèyàn mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó wá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ yìí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, ó wá bú sẹ́kún, ó ní kó dárí ji òun. Ta ni wọ́n ń tàn? Èmi ò rí apààyàn tó rọ̀ tó báyìí rí. Mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Torí àtẹ̀gùn tí wọ́n júwe dáadáa nìkan ló ṣe rí mẹ́rin náà gbà."

"Mẹ́rin ti kéré jù," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?"

Ọkùnrin náà ń kọ̀wé lọ. Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, ìyẹn bí a bá lè pe ohun tí èèyàn fi ẹnu hun ní kíkọ. Nínú ìwé tó wà lórí tábìlì, aránṣọ náà kú sórí àtẹ̀gùn, kò sì sẹ́ni tó dárí ji ẹnì kankan.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Òun ló ń yẹ ìwé wò kó tó dé orí ẹ̀rọ. Bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá sọnù nínú irinwó ojú-ìwé, yóò rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Àmì, orúkọ náà sì tẹ̀lé e délé. Òfin kan ló wà nídìí iṣẹ́ náà: tún àṣìṣe ṣe, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ní kí ọmọ kú lójú-ìwé kẹwàá, Bàbá Àmì á wò ó bóyá wọ́n fi àmì sórí "kú", á sì kọjá lọ.

Ìyàwó rẹ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ilé-ìwé, Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló gba ojú rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Gbogbo nǹkan mìíràn ló gbà pé ó ti lọ, àfi ìwé. Ọkọ rẹ̀ ń kà á sí i létí, wákàtí méjì láàárọ̀, wákàtí kan lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá parí ọ̀kan, Tíṣà á sọ èrò rẹ̀, ọkọ á kọ ọ́, á sì gbé e lọ sí ilé-ìkàwé àdúgbò. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ò jẹ́ yá ìwé láìkọ́kọ́ wo ohun tí Tíṣà wí.

Ìtàn ìfẹ́ kan ló dá ìyípadà ìparí yìí sílẹ̀. Inú ń run Tíṣà nígbà náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, níbi tí wọ́n ti yẹ inú rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àmì kàwé dé ibi tí ìyàwó ọ̀ṣìngín dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ọkọ rẹ̀ di bàtà rẹ̀ mú. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní ó kú. Bàbá Àmì la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Nígbà tí ohùn máa jáde, ohun tó gbọ́ pé òun ń sọ ni pé: "Ó lajú, ó ní ebi ń pa òun."

"Ebi kẹ̀?" ni Tíṣà wí, ó sì pòṣé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà ọsibítù dé. Bàbá Àmì kà á lóòró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kókó wà nínú ìfun Tíṣà, kò tíì ràn. Kí wọ́n gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ kí oṣù tó parí. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá ìgbà náà, àwọn ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Ó wọlé, ó jókòó, ó sì kà á sétí ìyàwó rẹ̀ pé: "A ò rí ohun tó le. Kí wọ́n máa lo oògùn wọn. Kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Tíṣà wí. "Ẹ gbé ìwé wá."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kan náà, ó ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sóhun tó ń pa á lẹ́kún. Bàbá Àmì ló fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tì í jáde tí aṣọ bò ó lójú. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti fi sọ́kàn pé òun ò ní fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ojo ni, kì í ṣe ìkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ojo bá ṣe lọ́ṣẹ́ kì í ráyè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́ fún ìwé aránṣọ yìí, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù parí. Lójoojúmọ́ ni Bàbá Àmì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀la. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀: "Tíṣà, lẹ́tà ọjọ́sí yẹn..." Tíṣà ní kó jẹ́ káwọn parí orí tí àwọn ń kà ná, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Tíṣà jẹun yó, ó rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ sì sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kókó náà ti yọ́. Lọ́jọ́ tí oṣù parí, ó fọ gbogbo abọ́ inú ilé lẹ́ẹ̀mejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí, ó rí i pé ara òun fúyẹ́ bí ara ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ojú sì tì í débi pé kò lè jẹun.

Ìwé tí wọ́n gbé lẹ́yìn ti aránṣọ nípọn bí bíríkì. Ìtàn abàmì ni, ti ọba kan tí ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ odò. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó kà á tán, torí ó ti ń tètè rẹ Tíṣà, aṣọ rẹ̀ sì ń tóbi sí i lára. Nínú ìwé náà, omi ya wọ ìlú. Ọba ní láti ti ilẹ̀kùn omi, ìyàwó rẹ̀ sì wà lódìkejì. Ó tì í. Lẹ́nu Bàbá Àmì, ayaba lúwẹ̀ẹ́ jáde.

"Ìranù," ni Tíṣà wí. "Odindi ìwé lórí pé ọba gbọ́dọ̀ yàn. Nígbà tó dójú ẹ̀, wọ́n ní kò nílò kó yan nǹkan kan mọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé ẹni tó kọ ìparí yìí ń bẹ̀rù ikú, kò sì yẹ kó máa kọ̀wé."

Níbí ni Bàbá Àmì ti ṣe ohun tí irú rẹ̀ nìkan lè ṣe. Ó lè yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Tíṣà ò ríran, kò lè mọ̀. Ó ti yí ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta padà, ó ti yí ti ọsibítù padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lèyí, kálàmù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ilé ìtẹ̀wé dì í lọ́wọ́ mú. Ó kọ ọ́ láìyọ kọ́mà kan, bó ṣe kọ ti aránṣọ àti ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó sì gbé e lọ fún Àǹtí Ìwé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Ìwé kan ilẹ̀kùn, ó gbé àpò dání, àwọn ìwé tí Tíṣà ti dájọ́ fún sì wà nínú rẹ̀. Bàbá Àmì ń se omi tíì lọ́wọ́ ní kíṣìnnì.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí fún Tíṣà. "Ariwo ni wọ́n ń pa nídìí pátákó yẹn. Wọ́n ní ìparí tí ẹ̀ ń sọ kọ́ ló wà nínú ìwé. Mo ní bóyá ìwé tí mo yá yín ti fà ya."

"Ìparí èwo?"

"Ti ọba, mà. Ẹ ní ayaba lúwẹ̀ẹ́ jáde. Kò jáde o. Ọba ló tìlẹ̀kùn mọ́ ọn."

Tíṣà ní, "Kà á sí mi létí."

Àǹtí Ìwé kà á: bí ọba ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn, tó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kàn án lódìkejì, títí kò fi kàn án mọ́. Nígbà tó parí, Tíṣà ní, "Èyí dára. Èyí dára gan-an." Ó ní kó ka ti aránṣọ. Aránṣọ kú. Ó ní kó ka ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Òun náà kú. Omi ti hó dà sórí iná, Bàbá Àmì ò sì gbé e kúrò.

Tíṣà kọjú sí ìhà kíṣìnnì. "Bàbá Àmì, níbo ni lẹ́tà ọsibítù wà?"

Kò purọ́ mọ́. Ó yọ ọ́ láàárín ìwé atúmọ̀-èdè, ó sì nà án sí Àǹtí Ìwé. Obìnrin náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kì í ṣe òun ló yẹ kó kà á. Tíṣà ní kó kà á, kó má fo nǹkan kan. Ó kà á tán.

"Ó ti tó ìgbà wo tí oṣù yẹn parí?" ni Tíṣà bi í.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mà."

Bàbá Àmì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Tíṣà, ọmọ wa ni mo rántí. Mo rántí bí wọ́n ṣe gbé e jáde."

"Èmi náà rántí ẹ̀," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀rù ìbá bà mí. Ṣùgbọ́n ǹ bá lọ."

Wọ́n lọ sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà ya àwòrán inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, abẹ ò tún wúlò mọ́. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tètè wá. Tíṣà ní àwọn ò ka lẹ́tà náà dáadáa ni. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí ọkọ rẹ̀ mú kálàmù.

"Ẹ kọ ọ́ pé: Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dá máàkì àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta yẹn padà fún wọn. Ọkọ mi ló ṣe ìparí tí mo bú. Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ó kọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níṣojú àwọn tó wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ò jẹ́ kó ka ohunkóhun fún òun mọ́, títí kan ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Kò bá a jà. Ó ń jẹ oúnjẹ tó bá sè, ó ń jẹ́ kó wẹ òun, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìrora bá dé. Àǹtí Ìwé ló ń wá kàwé fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Bàbá Àmì á jókòó sí kíṣìnnì, á máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, orí kan ṣoṣo ló kù nínú ìtàn tí wọ́n ń kà, wọn ò tíì mọ ẹni tó dáná sun ilé náà, ó sì tó àkókò kí Àǹtí Ìwé padà síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, Tíṣà dùbúlẹ̀, ó ń mí tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ìka rẹ̀ wà lórí ìwé náà.

"Tíṣà, jẹ́ kí n kà á," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Mo fi ọmọ wa búra, bó ṣe wà ni màá kà á."

Tíṣà wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i mú.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa kà á bó ṣe wà," ló wí. "Àmọ́ ọ̀nà wo ni màá fi mọ̀?"

Ọkọ rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó di ọjọ́ Ẹtì. Tíṣà lo méjì nínú rẹ̀ láyé.