Awẹ́ Obì Tó Kù

Ìwàlẹwà ti di ẹni ilẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé etí Kifayat, tíṣà rẹ̀. Ìsinmi ránpẹ́ ni Kifayat wá lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nítòsí Old Garage, ní Òṣogbo, nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wọn pè é láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó ní ibà ni. Ó ní àwọn kò tètè rántí láti sọ fún un.

Kifayat ṣe innalillahi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ bọ̀. Fídíò ló rántí. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, bóyá ní àkókò tí wọ́n ń bu erùpẹ̀ lé ọmọ náà lórí gan-an, ó ti tún gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Ìràwọ̀ kíláàsì mi rèé o," ó sì fi àwòrán ẹ̀rín tì í lẹ́yìn.

Nínú fídíò náà, Ìwàlẹwà ń fi obì abàtà kan kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdá. Ó là á sí awẹ́ mẹ́rin. Ó fún tíṣà ní ọ̀kan, ó fún ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀kan, ó ní kí wọ́n rọra rún un nítorí eyín wọn, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ ọ̀kan, ó fajú ro. Ó wá na ìkẹrin sókè: "Ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Ti mọ́mì mi nìyẹn."

Fídíò yẹn ló sọ Kifayat di ẹni tí àwọn olùkọ́ mọ̀. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń wo àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ní báyìí, ẹgbẹ́ olùkọ́ kan lórí WhatsApp ti yàn án kó wá dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí pèpéle lójú àlá.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìpetu. Nílé olóòkú, wọ́n ti kó aṣọ ọmọ náà pamọ́ kí ojú ìyá má baà bá a. Wọ́n ti yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, ojú ibẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù lọ. Phebe, ìyá ọmọ, jókòó sórí ẹní, kò sunkún.

"Tíṣà, wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn débi tí wọ́n sin ín sí. Inú yàrá ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde. Ó ń dárúkọ mi. Mo sáré jáde láìwọ bàtà." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Fídíò lórí fóònù aládùúgbò ni."

Kifayat bọ́ síta, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, olórí ẹgbẹ́ olùkọ́ náà, ó ní òun fẹ́ yọ fídíò náà kúrò. Ajíbádé kẹ́dùn, ó wá sọ pé láìsí fídíò, àwọn yóò ní láti wá ẹlòmíràn.

"Ọmọ ti lọ, Àǹtí Kifayat. Ṣé kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà bá a lọ ni?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló dùn ún jù. Ó dúró lábẹ́ ìbòòji ilé fún ìgbà pípẹ́, ó sì pa fídíò náà rẹ́ lórí Facebook. Ó mọ̀ pé ó ti wà lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí bí òun ṣe lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ìyá Ìwàlẹwà, èmi ni mo gbé fídíò náà síta lánàá. N kò tíì gbọ́ nígbà yẹn. Mo ti yọ ọ́ kúrò, n kò sì ní fi kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹyọ kan ló kù nínú fóònù mi, tiyín ni. N kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lónìí. Ọjọ́ tí ẹ bá ránṣẹ́ pè mí, màá mú un wá."